Ọdún tí Ìyá Àgbà Gba Ilé Kàrátè Bàbá Mi

Ìró ẹsẹ̀ ọmọdé lórí sìmẹ́ńtì ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ ti rọ̀ nígbà èwe mi. Bí oòrùn bá ti kúrò lórí páànù, tí màmá mi bá ti gbé ẹ̀wà kaná lẹ́yìnkùlé, tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bá ti ń wúkọ́ bí arúgbó, a óò máa gbọ́ gbì, gbì, gbì, lẹ́yìn náà igbe kan náà láti ọ̀fun púpọ̀: "Kíyàì!" Gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò á fò sókè. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ igbe yẹn, ojoojúmọ́ náà ló sì ń bá wọn lójijì. Ekete là ń gbé, ní ẹ̀gbẹ́ Warri, ní yàrá méjì àti pálọ̀ kan. Bàbá Urhobo kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ló ni ilé, Papa Ochuko ni gbogbo wa ń pè é. Lẹ́yìn ilé tí a ń gbé ni òmíràn wà tí kò kọ́ parí: ó ti da sìmẹ́ńtì sílẹ̀, ó ti mọ ògiri dé èjìká ènìyàn, owó wá tán. Ibẹ̀ ni bàbá mi háyà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sọ di ilé kàrátè. Láàárọ̀, akọ̀wé ni bàbá mi ní èbúté, ó ń kọ ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi kó wá sílẹ̀, ó sì ń sọ "yes sir" fún àwọn tó lè bí. Nírọ̀lẹ́, á wọ aṣọ funfun rẹ̀ tí màmá mi fi búlúù ṣan, á so bẹ́líìtì dúdú mọ́ ikùn tó ti ń yọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì di Sẹ́ńsè, ìyẹn orúkọ tí àwọn oníkàrátè ń pe olùkọ́ wọn. Ohùn rẹ̀ á yí padà, ọrùn rẹ̀ pàápàá á gùn sí i. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà gbà pé ọkùnrin méjì ni bàbá mi. Ní báyìí tí ọmọ tèmi náà ti ń sáré kiri ilé, tí mo bá ní kó wá wọ ṣòkòtò, á ní, "Mummy, I dey come." Yorùbá ló gbọ́, Píjìn ló fi dáhùn, ọmọ Warri pọ́ńbélé. Bí mo bá ń lé e kiri báyẹn ni ọdún náà máa ń padà bá mi, màá kàn bú sẹ́rìn-ín ní èmi nìkan, ọkọ mi á sì bèèrè pé kí ló dé.

Ohun tó dé ni pé ilé kàrátè bàbá mi ń kú lọ lójú wa. Àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ṣẹ́ ti dín kù títí wọ́n fi lè gba inú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan kí àyè sì tún kù fún ẹrù. Ilé ìdárayá tuntun kan ti ṣí nínú ìlú, ó ní fáànù, ó ní dígí láti òkè délẹ̀, ó sì ní ọmọbìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń fún àwọn òbí ní omi tútù. Bàbá mi kọ́kọ́ fi owó kún owó ẹ̀kọ́, ó ní ohun tí kò bá wọ́n, àwọn ènìyàn kì í kà á sí. Àwọn kan lọ. Ó wá dín owó náà kù, àwọn tó kù ní kó fún àwọn ní ṣéńjì ti oṣù tó kọjá. Ó ní kí oníbọ́ọ̀dù ya ọkùnrin tó ń fò sórí bọ́ọ̀dù. Oníbọ́ọ̀dù yà á, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, ojú ọkùnrin náà sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí bàtà rẹ̀ gbé ní mọ́ṣáláṣí. Ohun kan tí bàbá mi kò jẹ́ yí padà ni pé bí àwọn ará Japan ṣe ń ṣe é ni òun náà ó ṣe é: èdè wọn la fi ń ka ẹ̀ṣẹ́, èdè wọn la fi ń gba àṣẹ, orí lásán la sì ń tẹ̀ fún ara wa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Gbèsè owó háyà bẹ̀rẹ̀ sí í gorí ara wọn. Papa Ochuko kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wá jókòó ní pálọ̀ wa, ó mu mọ́ọ̀tì kan tán, ó nu ẹnu, ó ní, "My pikin, I like you. But block dey pay." Oníbúlọ́ọ̀kù kan láti ọ̀nà Otor-Udu fẹ́ gba ibẹ̀. Bí owó háyà kò bá pé kí Sátidé tó kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀ tó dé, òun máa kó kọ́kọ́rọ́ fún un.

Kò tíì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ni màmá mi bí àbúrò mi, ni Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, bá wọ mọ́tò láti Ìsẹ́yìn wá wẹ ọmọ. Ó gbé àdò ọṣẹ dúdú kan, kànìnkànìn, àti àpò gaàrí kan dání, bí ẹni pé Warri kò ní gaàrí. Oníṣòwò òwú ni ní Ìsẹ́yìn, ara rẹ̀ fúyẹ́, ojú rẹ̀ kì í sinmi. Ní ọjọ́ kejì tó dé, màmá Ochuko, ìyàwó onílé, gbé stáàṣì, òkèlè àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti bánǵà, ọbẹ̀ ẹyìn wọn, wá kí a yọ̀ fún ọmọ tuntun. Ìyá Àgbà fi ìka tẹ stáàṣì náà, ó rọra bi màmá mi pé ṣé aṣọ ni wọ́n ní kí òun fi mú le ni àbí kí òun jẹ ẹ́. Kí oṣù yẹn tó parí, òun fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pé ṣé bánǵà kò tíì jinná. Ohun tí ara rẹ̀ kò gbà rárá ni ẹnu wa. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin á jí láàárọ̀, a ó ní, "Mama, good morning," a ó kọjá lọ. Ìyá Àgbà á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wa, á wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní ní Ìsẹ́yìn, àgbò pàápàá ń kí ènìyàn ju báyìí lọ. Abẹ́ tábìlì ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí màmá mi sọ ọ̀rọ̀ ilé kàrátè náà fún un. Màmá mi ń fún ọmọ lọ́mú, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ara rẹ̀. Ó ní, "Màámi, bí wọ́n bá gba ibẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ọmọ yín, ti èbúté nìkan ló kù fún un. Mo mọ ọkùnrin tó ń ti ibi kàrátè wọlé sí mi. Èyí tó ń ti èbúté bọ̀, n ò mọ̀ ọ́n." Mo ti di ìyàwó ilé kí n tó mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Lọ́jọ́ yẹn, mo kàn rò pé bàbá mi kejì fẹ́ kó jáde ni.

Bàbá mi wá ní òun máa ṣe àfihàn ní oríta Ekete, kí gbogbo ayé rí ohun tí kàrátè jẹ́. Ó ra pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ní a óò fi ẹsẹ̀ fọ́ wọn lójú àwọn èrò. Ẹni tó bá mọ Warri á ti mọ ibi tí àṣìṣe wà. Bàbá mi fọ́ pákó àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó fọ́ ìkejì, ọkùnrin kan láàárín èrò ní, "Oga, na biscuit be that." Gbogbo oríta rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti lọ rẹ́ pákó náà sílẹ̀ láti ilé. Ọkùnrin náà wá lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì àwọn onípákó tó wà níbẹ̀, ó gbé igi kan jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe afárá sínú omi, tó dúdú, tó sì wúwo tí ó fi ń gbé e bí ẹni gbé òkú àgbà. Ó ní kí Sẹ́ńsè fọ́ èyí. Ẹnikẹ́ni tó gbọ́n á ti fọwọ́ sẹ́yìn, á rẹ́rìn-ín, á kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti wọ aṣọ funfun, ọrùn rẹ̀ ti gùn. Ó mí kanlẹ̀, ó ké "Kíyàì," ó ta igi yẹn nípàá. Igi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi gbé bàbá mi wálé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí iṣu, ọkùnrin tó gbé igi wá ló sì di orí rẹ̀ mú lọ́nà gbogbo, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Oga, sorry, I think say you go dodge." Wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó ń to eegun ní Otor-Udu, ó dè é pẹ̀lú ọ̀pá, ó ní kò gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀ títí di ìgbà tí òun bá sọ. Ní ilé ìwé, àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pariwo èsì ìdíje lé mi lórí: igi ọ̀kan, ẹsẹ̀ òdo. Mo sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì, èmi náà ló ń pariwo rẹ̀ jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó tẹ̀lé e, àwọn ọmọ kàrátè tó kù dé bí wọ́n ṣe máa ń dé. Láti pálọ̀, bàbá mi ní kí a sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ. Ìyá Àgbà bèèrè bóyá wọ́n ti sanwó oṣù. Mo ní wọ́n ti san. Ó dìde, ó gbé àbúrò mi pọ̀n, ó so ọ̀já le dáadáa, ó ní, "Ẹni tó gbowó ọjà tí kò gbé ọjà sílẹ̀, kí ni wọ́n ń pè é?" Bàbá mi ní, "Màámi, ẹ ò mọ kàrátè." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun mọ iye tí wọ́n san. Ó bá jáde, mo tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ náà rí i, wọ́n ní, "Mama, how far." Ìyá Àgbà dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Ó bi mí pé kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe. Mo fi hàn án: a máa dùbúlẹ̀ gbalaja, a máa fi ọwọ́ ti ara wa sókè, a tún máa sọ̀ kalẹ̀, títí apá a fi ro wá. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ìdọ̀bálẹ̀ nìyí. Ẹ ti ń dọ̀bálẹ̀ látọjọ́ yìí, ẹ ò sì kí ẹnì kankan?" Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún sọ̀ kalẹ̀ lásán ní ilé kàrátè bàbá mi. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀ ká tó nà gbalaja, bí a bá sì ti sọ̀ kalẹ̀, ìkíni kan. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Sókè. Ẹ kú iṣẹ́, mà. Sókè. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú òjò. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kú ìnáwó. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Ìyá Àgbà, ìkíni kò lè tán lẹ́nu rẹ̀. Apá tiwa ló ń tán. Nígbà tó kan ẹ̀ṣẹ́, èmi ni mo dúró níwájú tí mò ń ta á, òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta nítorí pé kò mọ òmíràn, orí àbúrò mi sì ń mì lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ké. Láti pálọ̀, a gbọ́ tí bàbá mi ń kérora. Èmi rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.

Ọmọ kan wà láàárín wa tó ń jẹ́ Tóbi, bàbá rẹ̀ ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ ní èbúté, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá. Tóbi kò sọ Yorùbá rí, ó kàn ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò ilé ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ sáré jáde láti kọ́rídọ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà rò pé gìrì ni. Ó pariwo pe ìyàwó rẹ̀, ó sáré gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó da gbogbo rẹ̀ lé ọmọ lórí, ó ń wá ṣíbí láti fi là á lẹ́nu. Tóbi gbé orí sókè láàárín omi, ó ní, "Daddy, na greet I dey greet." Ó tún fi orí balẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ kú ìnáwó." Wọ́n ní ọkùnrin náà jókòó sínú omi náà pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló mú Tóbi wá, ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání, ó sì mú ọmọ aládùúgbò kan tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé kàrátè ni wọ́n ń mú òun lọ. Ní Sọ́ńdè, ìtàn náà ti dé ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá. Ní Jímọ̀, ó ti dé mọ́ṣáláṣí. Gbogbo òbí tó ti ń jẹ ìtìjú bí wọ́n bá gbé ọmọ lọ sílé fún ọdún, tí bàbá bàbá á máa bi wọ́n pé ṣé odi lẹ bí ni, ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ wá sí Ekete. Wọ́n ti Aladja wá. Wọ́n ti inú ìlú wá, láti ilé ìdárayá tó ní fáànù.

Bí mo bá rántí bí ẹ̀yìnkùlé wa ṣe rí ní oṣù yẹn, ṣe ni inú mi máa ń dùn bí ìgbà tí omi ọṣẹ bá hó bo ojú agbada. Ìyá Àgbà ní kí káfíńtà kan mú bẹ́ǹṣì wá, kí àwọn ìyá má baà máa dúró ní ìta bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó ní oníbàárà tó bá dúró ń lọ, èyí tó bá jókòó ń ra nǹkan. Wọ́n jókòó. Nígbà tí wọ́n jókòó, ẹ̀wà màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tà, pẹ̀lú búrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n jẹun yó, àwọn kan nínú wọn ní àwọn náà fẹ́ ta ẹ̀ṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ọkọ. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n wá, owó tiwọn lọ́tọ̀. Mo ṣì ń rí ìyá Tóbi nínú ìró àti bùláòsì, tó ń ta ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́, tó sì ń dárúkọ ẹni tó ń ta á fún láàárín eyín. Màmá Ochuko gbọ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé ìdí. Ó ní ṣé ọmọ Yorùbá nìkan ni Ọlọ́run ní kó lẹ́kọ̀ọ́ ni, àwọn ọmọ ọmọ òun pàápàá ń sọ "hi" fún òun bí ẹni ń lé adìẹ. Ìyá Àgbà bèèrè bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní Urhobo. Màmá Ochuko kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ó ní, "Mígwo." Ó ní ẹni tí wọ́n bá kí á dáhùn pé, "Vrẹ́ndo," ìyẹn ni pé dìde. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ní ọjọ́ kan, ẹ kú iṣẹ́, ní ọjọ́ kejì, mígwo, ilé kàrátè náà sì kún dé ara ògiri. Òfin kan wà tí Ìyá Àgbà fi lélẹ̀: ẹni tó bá kọjá ògiri wọlé, ìbáà jẹ́ gómìnà, kí ó kọ́kọ́ kí àgbà tó wà níbẹ̀ kó tó sọ ohunkóhun. Ẹni tó ń ta yìnyín gbàgbé lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ kò jẹ́ kó jáde.

Bàbá mi nìkan ni inú rẹ̀ kò dùn. Ó dùbúlẹ̀ sórí àga pálọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Bí màmá mi bá gbé oúnjẹ fún un, á ní kàrátè lòun ń kọ́ wọn, kì í ṣe ìkíni. Ó ní wọ́n ti sọ iṣẹ́ òun di jẹ́léósinmi. Mo rántí pé mo bínú sí i nígbà náà, mo rò pé ìlara ni. Èmi tí mo ti ń tọ́ ọmọ báyìí, tí mo mọ bí ó ṣe ń rí kí ọmọ rẹ sá kọjá lára rẹ lọ bá ìyá ìyá rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Màmá mi ló jẹ́ kí n mọ ohun tó sọ fún un. Bàbá mi ní ìyá òun máa padà sí Ìsẹ́yìn bí ọmọ bá ti ń rá, àwọn èrò náà á sì bá a lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wá, wọn ò wá sọ́dọ̀ òun. Òun á wá kù sínú ilé tó ṣófo, pẹ̀lú owó háyà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro, Warri á sì tún rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kejì. Ó sàn kí òun fi ọwọ́ ara òun gbé e sílẹ̀. Bí Sátidé ìparí oṣù ṣe ń bọ̀, ó ránṣẹ́ pe Papa Ochuko, ó ní kó má wulẹ̀ dúró de owó, kó mú oníbúlọ́ọ̀kù rẹ̀ wá láàárọ̀ Sátidé, òun máa kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Màmá mi gbọ́, kò sọ fún Ìyá Àgbà. Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ ọmọ lọ́jọ́ yẹn, nítorí ẹkún ti pọ́n ojú rẹ̀, kò sì fẹ́ kí Ìyá Àgbà rí i.

Sátidé dé, oòrùn mú, àwọn òbí ti kún orí bẹ́ǹṣì, àwọn mìíràn dúró lẹ́yìn ògiri. Papa Ochuko wọlé pẹ̀lú oníbúlọ́ọ̀kù náà, ọkùnrin gíga kan tó fi téèpù ìwọnlẹ̀ kọ́rùn. Àwọn méjèèjì kí Ìyá Àgbà kíá, wọ́n ti gbọ́ nípa ẹni tó ń ta yìnyín. Oníbúlọ́ọ̀kù bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri. A kò mọ ohun tó ń wọ̀n. Ìgbà yẹn ni bàbá mi jáde láti ẹ̀yìn ilé, ó fi ọ̀pá tì, kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Kò wo ẹnì kankan. Ó wọ àárín wa, ó na kọ́kọ́rọ́ náà sí Papa Ochuko, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan, Ejiro, ọmọ ọmọ onílé náà gan-an, gbé ọwọ́ sókè bí ìgbà tí wọ́n ń dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì. Ó ní, "Sensei, you never greet Mama."

Bàbá mi wo Ejiro. Ó wo àwọn ọmọ, gbogbo wọn ń wò ó, wọ́n ń dúró, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Ó wo ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó di apá ẹ̀gbọ́n mi mú, ó fi orúnkún kan kalẹ̀, ó fi ọwọ́ kalẹ̀, ó sì nà gbalaja sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n dè dúró sókè lẹ́yìn bí ìrù ológbò. Ó yẹ kí Ìyá Àgbà ní kó dìde. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Oríkì ló bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Àkànní, ọmọ afòwú ṣọlá, ọmọ ahunṣọ bo ọmọ aláìláṣọ," ó bá a dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó bá a dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀, ó yà sílé ìyá òun fúnra rẹ̀, ó sinmi díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀, oòrùn ń pa bàbá mi, kò sì lè dìde nítorí pé kò sí ẹni tó ń dìde nídìí oríkì rẹ̀. Màmá mi ti fi ìró bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Nígbà tí Ìyá Àgbà parí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àbúrò mi sì ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Àkànní, ìkíni nìkan ni mo mọ̀, mo ti kọ́ wọn tán. Wọ́n ń bi mí bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ fò, n ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ni wọ́n ń dúró dè."

Bàbá mi kò gbé orí sókè. A ṣáà gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí sìmẹ́ńtì, ohùn Sẹ́ńsè, kì í ṣe ti èbúté. Ó ní, "Ẹ kú àdèlé, Màámi."

Ìkíni tí a kò tíì kọ́ nìyẹn. Ìyá Àgbà ti kọ́ wa ní ti òjò àti ti ọ̀gbẹlẹ̀, kò rántí kọ́ wa ní èyí tí a ń kí ẹni tó bá wa tọ́jú ilé nígbà tí a kò sí nílé. Bí àwọn ọmọ náà ṣe gbọ́ ìkíni tuntun lẹ́nu olùkọ́ wọn, gbogbo wọn ṣubú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbì, ọmọ Yorùbá, ọmọ Urhobo, wọ́n ní, "Ẹ kú àdèlé, mà," wọ́n ti ara wọn sókè, wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ìyá orí bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́ débi pé bẹ́ǹṣì náà dànù sẹ́yìn pẹ̀lú wọn. Bàbá Tóbi dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú wọn, kò sí ẹni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbúlọ́ọ̀kù dúró sáàárín àwọn ọmọ tó nà sílẹ̀ yí i ká, kò rí ibi tó lè gbé ẹsẹ̀ sí. Ó ká téèpù rẹ̀ padà, ó ní, "Papa, where you wan make I put my mixer? For pikin head?" Papa Ochuko gbá a lẹ́yìn, ó ní kó lọ wá ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ odò.

Ìyá Àgbà kò dúró kí ẹ̀rín tán. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ owó tó ti ń so mọ́ ibẹ̀ látìgbà tí èrò ti ń dé, ó kà á lé Papa Ochuko lọ́wọ́, owó háyà pátá, ti àtẹ̀yìnwá àti ti iwájú. Bàbá onílé náà dúpẹ́, ojú rẹ̀ ń dán. Kí ó tó ki owó náà bọ àpò, Ìyá Àgbà ti na ọwọ́ padà sí i. Ó fi orí júwe Ejiro àti àwọn ọmọ ilé rẹ̀ yòókù tí wọ́n ń ta ẹ̀ṣẹ́ látìgbà yẹn wá lọ́fẹ̀ẹ́. Papa Ochuko ní ṣebí òun lòun ni ilẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, onílẹ̀ gan-an sì ni kò yẹ kó jẹ gbèsè. Màmá Ochuko ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ ló yọ owó ẹ̀kọ́ wọn nínú èyí tó wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó kà á lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Ìyá Àgbà so ó mọ́ ìdí ìró, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bóyá ó le. Nínú gbogbo èyí, ẹnikẹ́ni kò rántí bàbá mi. Ó ṣì wà nílẹ̀, ó ti yí padà sí ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo aṣọ rẹ̀ ti funfun fún sìmẹ́ńtì, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè pe ẹnì kan kó wá gbé òun, àwọn ọmọ sì ti tò yí i ká, wọ́n ń bèèrè pé ṣé báyìí la ṣe ń bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ fò.